Bí Àrùn Kíndìnrín Ṣe Ń Dé Inú Ọpọlọ

Bí a bá ti dárúkọ àrùn kíndìnrín, ojú àti ẹsẹ̀ wíwú ni ó máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Orí ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò ní alẹ́ òní.

Ẹ jẹ́ kí a gba àdúgbò àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní Ìsọlọ̀ kọjá. Ẹni tí ó bá ti ná ọjà Aswani ní ọjọ́ Tuesday mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ ni ọjà náà ti gba orúkọ. Ẹ fi ojú inú wo òṣìṣẹ́ kan ní irú ibẹ̀, tí ó ń dúró ti ẹ̀rọ láti àṣálẹ́ títí di òwúrọ̀. Bí ẹ̀yìn bá ń dùn ún, yóò gbé oògùn apàrora mì, bí ibuprofen tàbí diclofenac. Bí orí bá ń fọ́ ọ, yóò tún gbé òmíràn mì. Kò jẹ́ kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ rí. Ọdún ń gorí ọdún. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣi nǹkan gbé, ó ń tòògbé lọ́sàn-án, kò sì rí oorun sùn lóru. Nígbà tí ó di ọjọ́ kan, ó ń sọ ìsọkúsọ. Àwọn ará ilé ní ayé ló ṣe é.

Àpẹẹrẹ ni mo fi ṣe, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ara rẹ̀ kì í ṣe àròsọ. Kíndìnrín tí ara rẹ̀ le ń sẹ́ nǹkan bí 180 lítà omi láti inú ẹ̀jẹ̀ lójúmọ́. Ó ń dá èyí tí ó pọ̀ jù padà fún ara. Lítà kan tàbí méjì péré ni ó ń jáde bí ìtọ̀, pẹ̀lú ìdọ̀tí tí ara kò fẹ́. Bí kíndìnrín bá bàjẹ́, ìdọ̀tí náà yóò kó jọ, ẹ̀jẹ̀ yóò sì gbé e dé ọpọlọ. Ìrònú yóò falẹ̀. Bí dókítà bá ní kí aláìsàn na ọwọ́ síwájú, kí ó gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè bí ẹni tí ń dá mọ́tò dúró, ọwọ́ náà yóò máa já wálẹ̀ bí ìyẹ́ ẹyẹ. Bí ó bá pẹ́ jù, gìrì lè gbé e, ó sì lè dákú lọ.

Èyí tí ó burú jù lójú tèmi ni ti iṣan ẹ̀jẹ̀, nítorí pé kò ní ariwo. Iṣan tín-ín-rín ni ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ gba inú kíndìnrín àti inú ọpọlọ bákan náà, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń ba méjèèjì jẹ́ pọ̀. Kíndìnrín tí ó bàjẹ́ tún ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ru sí i. Báyìí ni àrùn rọpárọsẹ̀ ṣe ń wá. Òmíràn kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kì í dá ènìyàn wólẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni ó ń bu làákàyè jẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí a ti rò lọ. Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ fi hàn pé oríṣi méjì kan nínú jíìnì APOL1, tí ó wọ́pọ̀ láàárín Yorùbá, lè ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún àrùn kíndìnrín lára ẹni tí ó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ baba àti ìyá. Kì í ṣe gbogbo wọn ni àrùn ń mú o.

Bí a bá fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀, tàbí bí a bá rí kíndìnrín mìíràn fi rọ́pò, iyè lè sọ. Iṣan ọpọlọ tí ó ti bàjẹ́ kì í padà bọ̀ sípò bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, bí àgbàlagbà ilé yín bá ń ṣe ségesège, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ wo ìtọ̀ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Olóòtú, mo rí i pé ẹ ti ní ìbéèrè.