Ẹ Jẹ́ Kí A Kọ́ Àwọn Ọmọ Wa, Kí A sì Kọ́ Ara Wa, ní Ẹ̀kọ́ Kọ̀ǹpútà

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò ẹgbẹ́ wa sọ níbi ayẹyẹ ìfilọ́lẹ̀ owó ẹgbẹ́, ní Àbújá)

  

Nígbà tí àwọn ìgbìmọ̀ tí ó ṣètò ọjọ́ òní wá bá wa ní ṣọ́ọ̀bù pé kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ̀rín ni a kọ́kọ́ rín. A ní ìwé mẹ́fà péré ni a kà. A ní àwọn ọ̀mọ̀wé pọ̀ nínú ẹgbẹ́ yìí, kí wọ́n lọ pè wọ́n. Wọ́n ní àwa gan-an ni àwọn fẹ́, nítorí pé ohun tí ojú wa ti rí lórí ọ̀rọ̀ yìí lè kọ́ ẹlòmíràn lọ́gbọ́n. Ìdí nìyí tí a fi gbà.

Ọdún 1976 ni a wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọdún náà ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n pè ní UPE káàkiri Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ṣe òfin tí ó dá agbègbè olú-ìlú Àbújá yìí sílẹ̀. Nítorí náà, ọdún kan náà ni wọ́n kọ orúkọ àwa àti Àbújá sínú ìwé. Nígbà tí ìjọba kó kúrò ní Èkó wá síbí ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá, ọdún 1991, ilé kíkọ́ gba gbogbo ìlú kan, àwa náà sì tẹ̀lé òwò wá. Iṣó, páìpù, páànù àti ọ̀dà ni a ń tà ní Dei-Dei títí di òní. Òwò yìí ni a fi rán ọmọ mẹ́rin lọ sí ilé ìwé. Ìwé gbèsè kan, báírò kan, àti orí tí Ọlọ́run fún wa, àwọn ni a fi ń ṣe ìṣirò. A rò pé wọ́n tó.

Ohun tí ó kọ́kọ́ fi hàn wá pé wọn kò tó mọ́ nìyí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, kọngílá kan fẹ́ ra páìpù àti ọ̀dà fún ilé alájà mẹ́ta. Iye tiwa ni ó rẹlẹ̀ jù lọ nínú gbogbo àwọn tí ó bá sọ̀rọ̀. Ó ní kí a kọ iye ọjà náà sílẹ̀, kí a fi ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. A fi ọwọ́ kọ ọ́ sórí ìwé, a ní kí ọmọ iṣẹ́ wa gbé e lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ní ọ̀gá àwọn kò gba ìwé tí a fi ọwọ́ kọ. Wọ́n ti ra ọjà náà lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tí ó fi kọ̀ǹpútà tẹ tirẹ̀, tí ó sì fi fóònù ránṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọmọkùnrin yìí, ọ̀dọ̀ wa ni ó ti kọ́ṣẹ́. Inú bí wa, a kò lè jẹun alẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ta ni a fẹ́ bá jà? Ọmọ náà kò jí oníbàárà wa gbé. Ó kàn mọ ohun tí àwa kò mọ̀ ni.

Ní àkókò náà, ọmọ wa obìnrin wà ní ọdún kejì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ìlànà ilé ìwé wọn ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan kọ́ bí a ti ń lo kọ̀ǹpútà, kí ó sì dúró níwájú kíláàsì, kí ó fi PowerPoint sọ̀rọ̀. Fún ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, PowerPoint ni wọ́n fi ń to ọ̀rọ̀ àti àwòrán sí ojú ewé kọ̀ǹpútà, tí ẹ̀rọ oníná kan yóò sì gbé e sára ògiri kí gbogbo ìjókòó lè rí i bí ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀. Robert Gaskins àti Dennis Austin ni olórí àwọn tí ó ṣe é ní Amẹ́ríkà. Ọdún 1987 ni ó jáde, ọdún yẹn náà sì ni ilé iṣẹ́ Microsoft ra ilé iṣẹ́ wọn ní mílíọ̀nù 14 dọ́là. Kí ó tó dé, orí ike pẹlẹbẹ tí ó mọ́ gaara ni àwọn ènìyàn ń kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí.

Kọ̀ǹpútà ilé ìwé wọn kò tó nǹkan, akẹ́kọ̀ọ́ sì pọ̀. Ènìyàn mẹ́jọ ni ó ń yí ẹyọ kan ká. Ẹni tí ó bá lágbára ni ó ń di máùsì mú, àwọn tí ó kù ń wò. Ọmọ wa wá bẹ̀ wá pé kí a ra ọ̀kan fún òun. A kọ̀. A ní fíìmù ni ó fẹ́ máa wò. A ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé àwa náà wà nínú àwọn tí a fẹ́ bá wí lónìí.

Ọmọ náà kò bínú. Ó lọ bẹ obìnrin kan tí ó ní ibi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé, tí wọ́n sì ń ṣe fọ́tòkọ́pì, ní àdúgbò wa. Ó ń gbá ṣọ́ọ̀bù, ó ń bá wọn to ìwé, bí ọwọ́ bá sì dilẹ̀, wọn á jẹ́ kí ó jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ó ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ìka kan ṣoṣo ni òun fi ń wá lẹ́tà kiri bí ẹni tí ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó tẹ iṣẹ́ odidi ọjọ́ kan, iná lọ, gbogbo rẹ̀ sì ṣòfò nítorí pé kò pa á mọ́. Ó sunkún wálé. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti tẹ ìlà méjì, ó ti pa á mọ́ kí ó tó tẹ ẹ̀kẹta. Kò sí olùkọ́ tí ó lè fi ẹnu kọ́ ènìyàn ní èyí. Ọwọ́ ni ó ń kọ́ ọ.

Nígbà tí ọjọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sún mọ́ tòsí, ó ní òun fẹ́ dán an wò fún wa nínú pálọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dá lé gọ́tà tí ó dí àti ẹ̀fọn tí ń fa ibà. Ó yá kọ̀ǹpútà obìnrin náà wálé. Ojú ewé ogún ni ó ṣe, gbogbo rẹ̀ kún fún ọ̀rọ̀, àwọ̀ pupa ń dí ti ewé lọ́nà, lẹ́tà ń fò wọlé láti apá ọ̀tún àti apá òsì. Ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń kà á lọ. Ìyá wa àgbà, tí ó wá kí wa láti ilé, wò ó títí, ó ní, “Ọmọ mi, ta ni ò ń bá sọ̀rọ̀, ṣé àwa ni àbí nǹkan tí ń tàn yẹn?” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀, ó wọ yàrá lọ. Ní òwúrọ̀, ojú ewé méje ni ó kù. Àwòrán gọ́tà ẹ̀yìn ilé wa, tí ó fi fóònù yà, ni ó fi ṣe ìkíní. Ọ̀rọ̀ kò ju ìlà mẹ́ta lọ lójú ewé kan.

Ní ọjọ́ náà gan-an, ojú ewé kẹta ni ó dé tí iná fi lọ. Jẹnẹrétọ̀ kò sì ní epo. Àwọn tí ó ti sọ̀rọ̀ ṣáájú rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó tán nìyẹn. Ó yí ojú sí kíláàsì, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ láti inú orí títí ó fi parí, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tí ó délé, ó ní, “Bàbá mi, mo rí nǹkan kan lónìí. Kọ̀ǹpútà kì í bá ènìyàn ronú. Ohun tí mo bá mọ̀ ni ó ń bá mi tò kí ó dára lójú. Bí n kò bá mọ nǹkan, òfo ni yóò tò.” A gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó wọ̀ wá lára.

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, a pè é, a ní kí ó wá kọ́ àwa náà. Kò rọrùn o. Kí bàbá jókòó, kí ọmọ rẹ̀ máa sọ pé, “Ẹ má tẹ ìyẹn, Bàbá mi, èyí ni kí ẹ tẹ̀,” ìtìjú ni. Ìka tí ó ti ń gbé páìpù láti ọjọ́ pípẹ́ ti le. Ṣùgbọ́n a fara mọ́ ọn. Excel ni ó fi kọ́ wa, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò. A kó ìwé gbèsè wa jáde, ó ń bi wá léèrè, a ń dáhùn. Irú páìpù kan wà tí a ń rà ní 2,500 náírà, tí a ń tà ní 2,700. Lójú wa, èrè 200 náírà ni. Nígbà tí a pín owó ọkọ̀ láti Èkó, owó àwọn tí ó ń já ẹrù, àti owó tíkẹ́ẹ̀tì sórí páìpù kọ̀ọ̀kan, ó di 230 náírà. Ẹ̀yin ènìyàn wa, gbèsè 30 náírà ni a ń jẹ lórí páìpù kan, a sì ti ń tà á bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì. A ń dúpẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà tí ó ń ra ọgọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀kan! Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni a yí iye rẹ̀ padà. Lọ́sẹ̀ náà ni a sì ra kọ̀ǹpútà fún ọmọ wa.

Ẹ má rò pé ti ìdílé wa nìkan ni. Láti ọdún 2015, kò sí ọmọ tí ó ń fi pẹ́ńsù ṣe ìdánwò JAMB mọ́. Orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo wọn ń ṣe é: ìbéèrè 180 láàárín wákàtí méjì. Bwari níbí ni olú ilé iṣẹ́ JAMB wà, kò jìnnà sí wa. Síbẹ̀, ọmọ wa lè mọ ìdáhùn, kí ó máa wá ibi tí yóò tẹ̀ títí àkókò yóò fi lọ. Ṣé ìwé ni kò mọ̀ ni? Àwa ni a kò fi ẹ̀rọ kọ́ ọ.

Ní ọdún 2018, ní ìlú Sekyedumase ní orílẹ̀-èdè Gánà, olùkọ́ kan, Richard Appiah Akoto, ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà nígbà tí ilé ìwé rẹ̀ kò ní ẹyọ kan. Ìdánwò ń bọ̀, ó sì di dandan kí wọ́n dáhùn ìbéèrè lórí rẹ̀. Ó fi ṣọ́ọ̀kì ya gbogbo ojú kọ̀ǹpútà sára pátákó, bí ó ṣe rí gẹ́lẹ́. Àwòrán rẹ̀ tàn ká ayé, àwọn ènìyàn sì fi kọ̀ǹpútà ta ilé ìwé náà lọ́rẹ. A yin olùkọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó rí àwòrán ọkọ̀ lára ògiri kò tí ì wa ọkọ̀. Ní Àbújá tí a wà yìí, kò yẹ kí àwọn ọmọ wa máa wo àwòrán.

A gbọ́ ohun tí àwọn àgbà kan sọ ní ìpàdé tí ó kọjá, pé kọ̀ǹpútà ni ó ń sọ ọmọ di oní-yahoo. Ẹ̀rù yìí kì í ṣe ẹ̀rù asán, a kò sì ní fi ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Kọ́lọ́fín ni àwọn ọmọ yẹn ti ń kọ́ ọ, lọ́dọ̀ àwọn tí kò fẹ́ ire fún wọn. Bí àwa àgbà bá sá fún ẹ̀rọ náà, àwọn yẹn nìkan ni yóò kù láti jẹ́ olùkọ́. Ẹ jẹ́ kí a gbé e sí gbangba, kí fèrèsé ṣí sílẹ̀, kí àgbà kan máa jókòó níbẹ̀.

Àwọn òbí wa sọ fún wa pé nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní ọdún 1955, àwọn bàbá kan fi ọmọ wọn pamọ́ sí oko, wọ́n ní ta ni yóò bá àwọn ro ilẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ti já sí. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ tiwa sọ irú rẹ̀ nípa wa lọ́la.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ wa rèé. Ètò wà pé kí a fi owó òní ra àga àti kánópì tí ẹgbẹ́ yóò máa fi háyà. Àga dára, kánópì dára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún kọ̀ǹpútà mẹ́wàá, kí ó tilẹ̀ jẹ́ tòkunbọ̀, pẹ̀lú sólà kí iná má baà dá wa dúró, àti olùkọ́ tí a ó máa san owó fún lóṣooṣù. Kí ọmọ má ju méjì lọ sí ìdí ẹyọ kan. Kí ọjọ́ Àbámẹ́ta jẹ́ ti àwọn ọmọ, kí ọ̀sán ọjọ́ Àìkú jẹ́ ti àwa ará ọjà. Kí ẹnikẹ́ni má sì gba ìwé ẹ̀rí àfi bí ó bá dúró níwájú ẹgbẹ́, tí ó fi èdè Yorùbá sọ ohun tí ó kọ́. Èdè wa kò ṣòro fún ẹ̀rọ náà. Ọmọ wa ni ó tẹ ọ̀rọ̀ yìí, àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì pé.

A kì í fi ẹnu lásán bẹ̀bẹ̀ ní irú ọjọ́ yìí. Àwa àti ìdílé wa fi kọ̀ǹpútà méjì lọ́lẹ̀. Ọmọ wa ti parí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó sì ti ṣèlérí láti kọ́ni lọ́fẹ̀ẹ́ fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Mẹ́jọ ni ó kù. A fi í lé yín lọ́wọ́.

Kí Ọlọ́run bù kún owó tí ẹ óò ná lónìí. Kí àwọn ọmọ wa ṣe ju wa lọ. Kí ẹgbẹ́ wa má ṣe túká, kí Àbújá sì tù wá lára.