Ọ̀nà Tí A Dí: Ọ̀rọ̀ Lórí Ogun Kírìjì

 

Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tó ń sọ ọmọ ìyá di ọ̀tá lójú ogun. N kò ní lọ jìnnà. Bí ènìyàn bá gun òkè Màpó yìí, yóò rí Ọjà'ba, ọjà Ìba Olúyọ̀lé, nísàlẹ̀. Yóò rí Bẹẹrẹ. Bí ó bá sì yíjú díẹ̀, yóò rí àwọn òrùlé Bẹyẹrúnká, níbi tí ilé baba mi wà. Kí ogun Kírìjì tó di ohun tí wọ́n ń fi ìbọn jà ní òkè Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, inú ọjà ló ti bẹ̀rẹ̀.

A máa ń sọ pé Fábùnmi Òkèmẹ̀sí ló dá a sílẹ̀ ní 1878, nígbà tí ó pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti pẹ́ nílẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ Fábùnmi. Ìbàdàn kò ní etí òkun. Etí òkun ni iyọ̀, ìbọn àti ẹ̀tù ti ń wá, àwọn Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ló sì jókòó sójú ọ̀nà. Ìjẹ̀bú kò jẹ́ kí àlejò kọjá. Ọwọ́ wọn ni kí ó ti rà, ní iye tí wọ́n bá dá lé e. Láti ìgbà ogun Ìjàyè, 1860 sí 1862, ni ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí ti di egbò. Ní 1877, Ààrẹ Látòósà ránṣẹ́ ra ẹ̀tù ní Àjàṣẹ́, àwọn Ẹ̀gbá dá àwọn tó rù ú lọ́nà. Ààrẹ gbógun tì wọ́n, Ìjẹ̀bú gbè sẹ́yìn Ẹ̀gbá, ọ̀nà sì dí.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibí ni a máa ń sáré kọjá. Àwìn ni ọ̀pọ̀ ìjòyè ogun wa fi ń ra ẹ̀tù. Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà, ọmọ Ẹ̀gbá tó di olówó ní Ìbàdàn, wà lára àwọn tó ń tà á fún wọn. Nígbà tí ó ní àwìn tó gẹ́ẹ́, ó di ọ̀tá Látòósà, wọ́n sì pa á ní 1874. (Ìwà ìkà rẹ̀ ni eré orí ìtàgé fi kọ́ wa, kò sẹ́ni tó fi ìwé gbèsè rẹ̀ hàn wá.) Wọ́n pa olówó, gbèsè kò kú. Ta ló san án? Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà, Ìgbómìnà, Àkókó ni. Ajẹ́lẹ̀ jókòó sí ìlú wọn, òun àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń jẹ nínú oko wọn, ìṣákọ́lẹ̀ ń lọ sí Ìbàdàn, ọmọ wọn sì ń di ẹrú. Ìjẹ̀bú ń fìyà jẹ wá lójú ọ̀nà, àwa ń gbẹ̀san lára ẹni tí kò dí ọ̀nà kankan.

Ìyá ìyá baba mi wà lára wọn. Ìyá Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ń pè é ní agboolé wa. Ẹrú ni wọ́n mú un wọ Bẹyẹrúnká. Mo bi baba mi nígbà kan pé ìlú wo gan-an ni ìyá náà ti wá. Ó ní a kì í bèèrè ìyẹn.

Ògèdèǹgbé tó ṣe olórí Èkìtìparapọ̀, Ìbàdàn níhìn-ín ló ti kọ́ ogun. Àwọn ọmọ wọn ní Èkó fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí wọn, ìró àgbá wọn ló sì fún ogun náà lórúkọ. Ilọrin dojú kọ wá ní Ọ̀fà, Ifẹ̀ pàápàá dìde. Ojú ogun márùn-ún ni Ìbàdàn ń jà. Látòósà kú sí ibùdó ní 1885. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án 1886, síbẹ̀ àwọn ọmọ ogun kò tú ká títí di 1893. Òyìnbó ti ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní 1892, ó sì ṣí ọ̀nà náà fún ara rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹjọ 1893, Ìbàdàn náà ti tọwọ́ bọ̀wé fún un.

Ní oṣù Kejì 2021, ìjà bẹ́ ní ọjà Ṣáṣá, ní Ìbàdàn yìí kan náà, láàrin Yorùbá àti Hausa. Ẹ̀mí lọ, ilé jóná. Kí oṣù náà tó parí, àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù láti Òkè Ọya ní àwọn kò kó ẹrù wá sí gúúsù mọ́. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra àlùbọ́sà nígbà náà kò ní gbàgbé. Mo gbọ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Bẹẹrẹ ń sọ pé kí àwa náà dí ọ̀nà Èkó mọ́ wọn, kí ẹrù ọkọ̀ ojú omi má kọjá. Àyà mi já. Ní 1877, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ló jókòó sójú ọ̀nà òkun. Lónìí, gbogbo wa ni.

Ẹ̀bẹ̀ mi nìyí. Nígbà ọdún egúngún tó ń bọ̀, kí a má ṣe pe orúkọ àwọn jagunjagun nìkan. Kí agboolé kọ̀ọ̀kan wádìí àwọn ìyá tí a mú wá lẹ́rú, àti ìlú wọn, kí a pè wọ́n. Èmi yóò pe Ìyá Ìjẹ̀ṣà. Kí a sì ránṣẹ́ sí àwọn àgbà Ìmẹ̀sí-Ilé pé a fẹ́ wá kí wọn. Mo ti ń tọ́jú owó ọkọ̀ tèmi.