Bàbá Rélùwéè: Ọ̀rọ̀ Ìrántí tí Akọ̀wé Ka Níbi Àyájọ́ Ẹgbẹ́ Wa

Ìgbìmọ̀ ní ká sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa Bàbá Rélùwéè tó papòdà lọ́dún tó kọjá. Bàbá kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, wọn ò sì tajà rí láyé wọn, ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí kò mọ̀ wọ́n? Ìyàwó wọn wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, ọmọ wọn obìnrin sì wà ní ìsọ̀ náà títí dòní.

Ọmọ Òṣogbo ni Bàbá. Láti ọdún 1907 ni irin rélùwéè ti dé Òṣogbo, wọ́n sì máa ń sọ fún wa pé fèrè ọkọ̀ ojú irin ló ń jí àwọn nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé. Ebúté Mẹ́tta ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú girísì lọ́wọ́, kí wọ́n tó di ẹnjiníà. Wọ́n ṣiṣẹ́ dé Zaria, wọ́n dé Jos, wọ́n sì wà lára àwọn ọ̀dọ́ tó ṣiṣẹ́ lójú irin tó lọ sí Maiduguri, èyí tí wọ́n parí ní 1964. Ẹ̀yin àgbà inú wa, ẹ rántí ayé yẹn: ọkọ̀ ojú irin ń kó àlùbọ́sà àti ẹ̀wà bọ̀ láti òkè Ọya, ó sì ń kó obì Agége àti ti Ṣágámù lọ sí Kano. Irú àwọn Bàbá ló ń jẹ́ kí ọjà wa dé, a ò kàn mọ̀ wọ́n nígbà náà ni.

Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, a rò pé wọ́n á jókòó sílé máa ka ìwé ìròyìn. Rárá o! Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá sọ́dọ̀ ọmọ-ọmọ wọn ní ìsọ̀. Wọ́n á gbé àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá, wọ́n á máa fi kóńgò gàrí kọ́ ọ ní ìṣirò. Kò pẹ́, àwọn ọmọ tiwa náà bá a jókòó, ibẹ̀ wá dà bí ilé ìwé. Méjì nínú wọn ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní yunifásítì báyìí. Òṣùwọ̀n tó bá ń parọ́, Bàbá á tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí tiẹ̀ máa parọ́ lọ kì í gbé e wá. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ mọ ara yín.

Ṣùgbọ́n Bàbá le, ká sọ òtítọ́. Nígbà tí a fẹ́ kọ́ àwọn ìsọ̀ ẹ̀yìn, wọ́n mú téèpù wọn wá, wọ́n fi ẹfun sàmì sílẹ̀, wọ́n ní ibí ni ọkọ̀ panápaná máa gbà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ́ nǹkan kan síbẹ̀. Àwọn kan bínú. Wọ́n ní ibẹ̀ gba ìsọ̀ mẹ́fà, owó ló ń ṣòfò yẹn. Bàbá wá ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń to irin láyé tiwọn. Wọ́n ní bí irin méjì bá pàdé, àwọn kì í jẹ́ kí orí wọn kan ara, àwọn máa ń fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀, torí pé irin máa ń gùn sí i bí oòrùn bá pa á. Bí kò bá sí àlàfo, irin á wọ́, ọkọ̀ á sì dojú dé. Wọ́n ní, “Ariwo kà-kà, kà-kà tí ẹ ń gbọ́ bí ọkọ̀ bá ń lọ, àlàfo yẹn ni. Ohun tí ẹ̀ ń pè ní òfò, òun ló ń gba ẹ̀mí là.” Bí a ṣe sọ ọ̀nà náà ní Àlàfo Bàbá nìyẹn.

Ti iná mànàmáná náà ńkọ́? Ìsọ̀ dé ìsọ̀ ni wọ́n lọ, tí wọ́n ń yọ wáyà tí àwọn èèyàn fi dípò fíúsì. Wọ́n ní iṣẹ́ fíúsì ni pé kó tètè jó, kí iná lè kú kí wáyà ara ògiri tó gbóná. Ẹni tó bá fi wáyà tó nípọn rọ́pò rẹ̀ ti lé ọlọ́dẹ rẹ̀ lọ. Ìyá kan bá wọn jà gan-an lọ́jọ́ náà. A ò ní dárúkọ, ó wà níbí, òun náà ló sunkún jù níbi ìsìnkú. Nígbà tí iná wá ṣẹ́ yọ lóru ọjọ́ kan, ìsọ̀ méjì ló jó. Ọkọ̀ panápaná ráyè wọlé, iná ò ré Àlàfo Bàbá kọjá.

Ní 2021 tí wọ́n ṣí ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn, ọmọ-ọmọ wọn yẹn ló ra tíkẹ́ẹ̀tì fún wọn. Bàbá ò tètè wọlé o, ojú irin ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní tayé àwọn fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ààbọ̀, èyí fi ẹsẹ̀ bàtà kan àti ínǹṣì méjì ààbọ̀ jù ú lọ. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá wá ra gàrí.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Ìwé mẹ́ta wà níwájú ìgbìmọ̀ báyìí, láti ọ̀dọ̀ àwọn tó fẹ́ kọ́ ìsọ̀ sí Àlàfo Bàbá. Owó tí wọ́n pè tóbi, ẹgbẹ́ sì nílò owó, a ò ní purọ́. Ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ la máa dìbò sí i. Àwa tí a wà nínú ìgbìmọ̀ ti sọ tiwa, a ò fọwọ́ sí i. Ọmọ Bàbá ti gbé téèpù wọn fún wa, ó wà ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ lọ wọn ibẹ̀ kó tó dìbò, kó wá gbà á lọ́wọ́ wa.