Odò Ń Béèrè Owó, Owó Ń Béèrè Ìwé

Ọ̀rọ̀ odò ni mo fẹ́ bá yín sọ. Kì í ṣe odò ìyè ti inú Ìfihàn o. Odò tí ó gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹ̀yìnkùlé yín kọjá ni, èyí tí a ti sọ di ààtàn.

Ẹni tí ó bá ń gbé Ìbàdàn kò nílò àlàyé púpọ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, Ògùnpa kún bo ilé, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì ṣòfò. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò ọjọ́ kan ṣoṣo pa ènìyàn tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún. Omi gba orí dáàmù Ẹlẹ́yẹlé, afárá sì wó káàkiri ìgboro. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ìjọ a máa gbàdúrà, a sì máa kó oúnjẹ àti aṣọ fún àwọn tí ó là á já. Ó dára. Ṣùgbọ́n kí ni a ṣe sí odò náà?

Àwọn bàbá wa ní orúkọ fún ilẹ̀ tútù tí ó wà létí odò: àkùrọ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gbin ẹ̀fọ́ àti àgbàdo nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí pé ilẹ̀ náà kì í tètè gbẹ. Bíi kànrìnkàn ni àkùrọ̀ àti irà rí. Bí òjò bá rọ̀, wọ́n a fa omi mu, wọ́n a sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀; ẹrẹ̀ àti ìdọ̀tí a rọlẹ̀ sáàárín koríko kí omi tó dé inú odò. Bí a bá wá da iyẹ̀pẹ̀ sí i, tí a kọ́lé lé e, tí a gé igi ògùrọ̀ àti oparun etí odò kúrò (ẹ má wo ti ẹmu, gbòǹgbò igi náà ni mo ń sọ), níbo ni kí omi ó lọ? Yàrá yín ni.

Nítorí náà, kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń wá owó sí. Gọ́tà kọnkéré nìkan kọ́ ni àtúnṣe odò. Ìjọba fẹ́ràn kọnkéré nítorí pé ó ṣe é fi hàn aráyé, agbaṣẹ́ṣe náà fẹ́ràn rẹ̀ fún ìdí tí gbogbo wa mọ̀. Ó wúlò láàárín ìgboro níbi tí ilé ti há mọ́ odò. Ṣùgbọ́n ńṣe ni kọnkéré ń sáré gbé omi lọ bá ará ìsàlẹ̀. Kò fa omi mu, kò sì sẹ́ ẹ. Níbi tí àkùrọ̀ bá ṣì kù, ẹ béèrè owó láti kó ìdọ̀tí àti iyẹ̀pẹ̀ kúrò, láti gbin igi padà, àti láti dáàbò bo ilẹ̀ náà lọ́wọ́ akọ́lé.

Ẹ wo Nehemáyà. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, bíi tèmi. Ó gbàdúrà, ó gbààwẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọba bi í léèrè ohun tí ó fẹ́, ó dá ìgbà fún ọba, ó béèrè lẹ́tà sí àwọn gómìnà, ó sì béèrè lẹ́tà mìíràn sí olùtọ́jú igbó ọba, ó dárúkọ ibi tí òun yóò lo igi náà sí. Nígbà tí ó dé Jerúsálẹ́mù, ó jáde lóru lọ wo ibi tí odi ti wó kí ó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í tún iwájú ilé ara wọn ṣe.

Ọ̀pọ̀ lẹ́tà ìjọ tí ń dé ọ́fíìsì ìjọba kò rí bẹ́ẹ̀. Ìkíni àti àdúrà á gba ojú ìwé méjì, ìbéèrè á gba ìlà kan: kí wọ́n ràn wá lọ́wọ́ nípa odò wa. Odò wo? Láti ibo dé ibo? Ta ni ó ni ilẹ̀? Èló? Fáìlì irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kì í rìn jìnnà, kì í sì í ṣe ẹ̀mí èṣù ni ó dì í mú.

Kí ẹ tó kọ lẹ́tà, ẹ rin etí odò náà. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ kọ déètì sí i. Ẹ ka iye ilé tí omi wọ̀, ẹ fi àmì sí ibi tí omi dé lára ògiri. Ẹ lọ bá baálẹ̀ àti àwọn ẹbí tí ó ni ilẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò ní í ta àkùrọ̀ náà fún akọ́lé. Láìsí ìwé yìí, ńṣe ni ẹni tí ó fún yín lówó ń tún ilẹ̀ ṣe kí onílẹ̀ lè tà á ní iye gọbọi. Kí ẹ sì wo ilé Ọlọ́run fúnra rẹ̀. Bí ògiri ṣọ́ọ̀ṣì bá wọ inú àyè odò, tàbí tí ìdọ̀tí ṣalángá wa ń ṣàn sí i, ibẹ̀ ni kí àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀. A kò lè gba owó láti lé mẹkáníìkì kúrò létí odò nígbà tí pẹpẹ wa wà ní ibi kan náà.

Níbo ni owó wà? Ìjọba àpapọ̀ dá owó àkànṣe tí wọ́n ń pè ní Ecological Fund sílẹ̀ ní ọdún 1981, láti inú owó tí gbogbo orílẹ̀-èdè jọ ń pín, fún ọ̀gbàrá, omíyalé, ọ̀dá àti irú ìbàjẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìjọ kò lè lọ gbà á lọ́wọ́. Iṣẹ́ ni à ń béèrè pé kí wọ́n wá ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ní ìpín tiwọn nínú owó yìí. Nítorí náà, bí ẹ bá bi alága káńsù pé kí ni ó fi ìpín náà ṣe, kì í ṣe ẹ̀bùn ni ẹ ń tọrọ. Ẹ bi í pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ bi í ní kíkọ. Òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 fún ọ́fíìsì ní ọjọ́ méje láti dáhùn, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sì ti sọ ní ọdún 2025 pé òfin náà de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú.

Ìlẹ̀kùn mìíràn ni owó kékeré ti Global Environment Facility, tí UNDP ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń bójú tó láti ọdún 1992. Ẹgbẹ́ aráàlú ni ó wà fún, kì í ṣe ènìyàn kan ṣoṣo. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, 50,000 dọ́là ni òkè rẹ̀ fún iṣẹ́ kan. Wọn a béèrè ohun tí ẹ̀yin fúnra yín yóò mú wá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ yín wà lára rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ fi kó ìdọ̀tí, ọkọ̀ tí ẹni kan yá yín, gbọ̀ngàn tí ẹ fi ṣe ìpàdé, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ní tèmi, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè adúgbò ni ó yẹ kí ó béèrè, kí ìjọ jẹ́ ọ̀kan nínú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn Mùsùlùmí aládùúgbò wa. Bí omi bá dé, kì í yà ṣọ́ọ̀ṣì sọ́tọ̀ kúrò lára mọ́ṣáláṣí.

Owó ńlá náà wà. Ní ọdún 2014, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là fún ètò omíyalé Ìbàdàn. Ẹ má gbàgbé pé yíyá ni a yá a. Irú owó bẹ́ẹ̀ ní òfin tí ó yẹ kí gbogbo ìjọ mọ̀: ẹni tí iṣẹ́ bá wó ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba owó ohun tí ó kọ́ síbẹ̀, kódà bí kò bá ní ìwé ilẹ̀. Àwọn tálákà ni ó pọ̀ jù létí odò. Nígbà tí wọ́n bá ń fi ọ̀dà pupa sàmì sí ògiri, kí ìjọ wà níbẹ̀ láti bá wọn ka ìwé, kí opó má baà pàdánù ilé nítorí pé kò mọ ọ́fíìsì tí yóò lọ.

Gbogbo ìrànlọ́wọ́ kọ́ ni owó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fásitì àti pólì ń wá iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe ìwádìí lé lórí. Ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka wọn, kí wọ́n wá yẹ omi náà wò. Fún irúgbìn igi, ẹ lọ bèèrè lọ́dọ̀ ilé ìwádìí igbó, FRIN, ní Jẹ́ríkò, Ìbàdàn. Ẹ bá àwọn tí ń jẹ nínú odò sọ̀rọ̀, àwọn ọlọ́gbà ẹ̀fọ́, ọlọ́sìn ẹja, àwọn tí ń fọ mọ́tò. Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní London àti Houston fẹ́ràn láti fi owó ránṣẹ́ fún òrùlé àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ẹ ní kí wọ́n san owó sọ̀fíyọ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Bí owó bá wá dé, kí ó ní àkáǹtì tirẹ̀, kí ó má dàpọ̀ mọ́ ti ìdámẹ́wàá. Ènìyàn mẹ́ta ni kí ó máa fọwọ́ sí sọ́wédowó, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ wa, kí pásítọ̀ má sì sí lára wọn. Lóṣooṣù, ẹ lẹ ìṣirò náà mọ́ pátákó ìta ní èdè Yorùbá, kí ìyá tí ń gbin ẹ̀fọ́ ní àkùrọ̀ náà lè kà á bí ó bá ń kọjá lọ sọ́jà.