Àpò Kan fún Aláìní ní Ìlú Ẹlẹ́sìn Púpọ̀
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sọ ní Òmùò-Èkìtì)

 

Ohun tí ẹ ní kí a wá sọ ni bí ẹlẹ́sìn gbogbo ṣe lè pawọ́ pọ̀ ran aláìní lọ́wọ́ láìsí ìjà. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí alájẹṣẹ́kù. Ní 1937, nígbà tí Àjọ Alájẹṣẹ́kù Àgbáyé ṣèpàdé ní Páríìsì, wọ́n fi í sínú ìlànà tí wọ́n jogún lọ́wọ́ àwọn ará Rochdale ti 1844 pé ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ gbè sẹ́yìn ẹ̀sìn kankan. Ní 1995, ní Manchester, wọ́n fi kún un pé ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ bìkítà fún ìlú tí ó wà nínú rẹ̀. Àwa náà kúkú ti mọ èyí nídìí àáró: ẹni tí ó bá kàn ni à ń bá ro oko rẹ̀, a kì í bi í léèrè ohun tí ó ń sìn.

Owó ni ìjà máa ń bá dé. Sàká Mùsùlùmí ní àwọn tí ó tọ́ sí. Irú ènìyàn mẹ́jọ ni Àlùkùránì kà sílẹ̀ ní Súrà kẹsàn-án, ẹsẹ ọgọ́ta. Lemọ́mù kò lè gbé e dà sínú àpò tí kò mọ ibi tí yóò já sí. Ìdámẹ́wàá Onígbàgbọ́ náà, ìjọ ni ó ni ín. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní kí a da gbogbo rẹ̀ pọ̀, bí inú rẹ̀ tilẹ̀ mọ́, ìjà ni ó ń gbìn. Ẹ jẹ́ kí èyí tí ó jẹ́ ọ̀ranyàn dúró sí ilé ìsìn rẹ̀. Ẹ wá dá àpò kẹta, ti ọrẹ àtinúwá nìkan, kí ẹ má sì fi í sí ibi tí yóò ti máa gba èlé, nítorí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa kan kì í jẹ èlé. Bí ẹ bá fi yá opó láti bẹ̀rẹ̀ òwò, iye tí ó gbà ni kí ó dá padà.

Ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ lè fi kún un, ṣùgbọ́n ó ní ìwọ̀n. Ọ̀gbẹ́ni Strickland, tí ó gba ìjọba nímọ̀ràn ní 1934 kí òfin alájẹṣẹ́kù wa tó jáde ní 1935, Punjab ni ó ti ṣiṣẹ́, lábẹ́ òfin Íńdíà ti 1912. Òfin yẹn ní kí a kọ́kọ́ fi ìdá mẹ́rin èrè sí owó ìpamọ́. Nínú ìyókù, ohun tí a lè fi ṣàánú kò gbọdọ̀ ju ìdá mẹ́wàá lọ, pẹ̀lú àṣẹ Rẹ́jísítírà. Kí akọ̀wé yín wo ohun tí òfin tiwa àti ìlànà ẹgbẹ́ yín fàyè gbà kí ẹ tó ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo bí àwọn kan ti ṣe é. Ní 2009 ni wọ́n dá àjọ ẹlẹ́sìn méjì sílẹ̀ ní Nàìjíríà láti bá ibà jà. Sultan Ṣókótó, Alhaji Sa'ad Abubakar, àti John Onaiyekan, tí ó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù àgbà Kátólíìkì ní Àbújá nígbà náà, ni wọ́n jọ jẹ́ alága. Ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n kọ́ lemọ́mù àti pásítọ̀ lórí ibà àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Olúkúlùkù wá padà lọ fi ìwé mímọ́ tirẹ̀ sọ ọ́ fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni wá bá àwọn ṣe ìsìn àpapọ̀, a sì rò pé ìyẹn ni ó jẹ́ kí iṣẹ́ náà ṣeé ṣe. (Oníṣẹ̀ṣe kò sí nínú tiwọn. Ẹ má fi tiyín sílẹ̀, ẹ̀fọn kò yọ ọ́ sílẹ̀.)

Ní ti àbẹ̀wò, ènìyàn méjì tí ẹ̀sìn wọn yàtọ̀ ni kí ó jọ máa lọ, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ obìnrin. Opó Mùsùlùmí tí ó wà nínú oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá rẹ̀ kò ní jáde wá bá ọkùnrin àjèjì sọ̀rọ̀. Bí ọkùnrin nìkan bá lọ, wọn yóò padà wá sọ pé kò sí ẹni tí ebi ń pa nínú ilé náà. Gàrí, ìrẹsì, iṣu tútù ni kí ẹ fún wọn, kí ó má di ọ̀rọ̀ ta ni ó pa ẹran tàbí ta ni ó ń gbààwẹ̀. Ìwé ìwàásù, ẹ fi í sílẹ̀ nílé. Orúkọ ẹni tí ó gbà kò gbọdọ̀ hàn ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. A mọ ibi tí wọ́n ti kà á sókè, àwọn ìyá mẹ́ta kò sì tún padà wá.

Ṣùgbọ́n inú ìwé, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ kọ: ọjọ́, iye, ẹni tí ó gbà, àwọn méjì tí ó gbé e lọ. Kí ènìyàn mẹ́ta fọwọ́ sí owó kí ó tó jáde ní báǹkì, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta má sì ti ilé ìsìn kan náà wá. Ìwé àpò yìí yóò wà lọ́tọ̀ sí ti ẹgbẹ́. Nígbà tí a bá wá ṣàyẹ̀wò ìṣirò yín, òun ni a ó kọ́kọ́ béèrè.