Wárápá Tó Bẹ̀rẹ̀ Nígbà Tí Èèyàn Ti Dàgbà

 

Wárápá, tí àwọn Hausa tí a jọ ń gbé Kàdúná ń pè ní farfadiya, kì í ṣe ohun tó jìnnà sí wa. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kayọ̀dé Ọ̀ṣúntòkun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Igbó-Ọrà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1987, fi hàn pé nínú 1,000 èèyàn, ó lé ní 5 tó ní in.

Èyí tó ń dá ìjà sílẹ̀ jù ni èyí tó mú àgbàlagbà. Ọmọ kàwé jáde, ó ríṣẹ́, ó gbéyàwó, lọ́jọ́ kan ó ṣubú, ó ń gbọ̀n. Kíá, wọ́n á ní ìyàwó ló gbé e wọlé.

Bẹ́ẹ̀ ohun tó fà á lè ti wà lórí rẹ̀ kó tó dáyé. Nínú oyún, inú lọ́hùn-ún ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á wá rìn lọ sí èèpo ọpọlọ, kálukú á tò sí ààyè rẹ̀. Àwọn mìíràn á kó jọ sójú ọ̀nà. Àwọn mìíràn á débẹ̀, wọn kò ní tò dáadáa. Irú èyí ni Dókítà David Taylor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàpèjúwe ní London ní 1971. Ẹni náà lè gbọ́n, kí ara rẹ̀ le, títí ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀, kí iná tí sẹ́ẹ̀lì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ tó ṣẹ́, bí wáyà méjì tó kan ara wọn.

Kì í ṣe gbogbo wárápá àgbà ló rí báyìí o. Ìfarapa orí níbi ìjàǹbá ọ̀kadà ń fà á, rọpárọsẹ̀ náà ń fà á. Àyẹ̀wò ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. MRI ló sábà ń fi èyí tí a bí mọ́ni hàn; CT lè má rí i. Owó rẹ̀ ga, ṣùgbọ́n mo mọ ìdílé tó ná jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ètùtù àti ìṣọ́ òru.

Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Barnawa ń tọ́jú wárápá. Àwọn èèyàn wa ń sá fún ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, wọ́n ní ti wèrè ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wọlé. Oògùn ń dá a dúró fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ṣùgbọ́n kì í tún ọpọlọ tò. Ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ fúnra yín nítorí pé oṣù mẹ́ta kọjá láìṣubú.

Bó bá sì gbé e, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má rọ ìtọ̀ màlúù fún un. Itọ́ tó ń hó lẹ́nu rẹ̀ kì í ranni. Ẹ bá a nù ún. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.