Òfin Kẹrin: Nígbà Tí Ìròyìn Di Ẹ̀ṣẹ̀

Ta ni yóò bi aláṣẹ léèrè ọ̀rọ̀ bí akọ̀ròyìn bá ń bẹ̀rù ẹ̀wọ̀n?

Ní 1984, ìjọba ológun Ọ̀gágun Muhammadu Buhari ní Nàìjíríà gbé Òfin Kẹrin jáde. Akọ̀ròyìn tí wọ́n bá ní ó parọ́ mọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, iwájú ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ tí ológun pọ̀ nínú rẹ̀ ló ń lọ. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò fi ẹ̀rí hàn pé òótọ́ lòun kọ, kò sì sí ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Tunde Thompson àti Nduka Irabor ti ìwé ìròyìn The Guardian ló kàgbákò òfin yìí. Wọ́n kọ nípa àwọn tí ìjọba fẹ́ yàn ṣe aṣojú nílẹ̀ òkèèrè. Ẹ̀wọ̀n ọdún kan ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn gbà. Iléeṣẹ́ wọn san ìtanràn ₦50,000.

Ọ̀gágun Babangida, tó gbàjọba lọ́wọ́ Buhari, fagi lé òfin náà ní 1985. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá 1986, bọ́ǹbù inú lẹ́tà pa Dele Giwa, olóòtú ìwé ìròyìn Newswatch, nílé rẹ̀ ní Ìkẹjà. Títí dòní, ilé ẹjọ́ kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Ṣùgbọ́n òfin ọdún 2011 fún gbogbo wa lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ ìjọba; láàárín ọjọ́ 7 ni iléeṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ fèsì. Ẹ má fi iṣẹ́ bíbi aláṣẹ léèrè ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún akọ̀ròyìn nìkan. Ẹ kọ̀wé, ẹ béèrè iye tí wọ́n ná sórí ọ̀nà àdúgbò yín.